Ọwọ́ Tó Ń Dun Òṣìṣẹ́: Ẹ Má Pè É Ní Làkúrègbé Lásán, Ẹ̀tọ́ Wà Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kan àwọn ọmọ wa tó ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, ó sì kan àwa fúnra wa. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni, ọwọ́ tí a fi ń jẹun.

Bí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ ní ìka, gbogbo èèyàn ló máa rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á gbé e lọ ọsibítù, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé níbo lo ti gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìpalára mìíràn wà tí kì í ta ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọwọ́ kan náà ń ṣe ohun kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, lónìí, lọ́la, fún ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún. Lọ́jọ́ kan ọmọ á kàn rí i pé òun kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Bó bá wá ní iṣẹ́ ló fà á, wọ́n á ní irọ́ ni, ṣebí kò ṣubú, nǹkan kan kò já lù ú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí: òfin Nàìjíríà kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ta kí òṣìṣẹ́ tó gba owó ìrànwọ́. Àìsàn tí iṣẹ́ fà wà nínú òfin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tètè sọ, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ló fà á, ẹ̀tọ́ yẹn lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

IRÚ ÌPALÁRA WO NÌYÍ?

Ẹ wo ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, tí wọ́n ń san owó fún lórí agbọ̀n. Ẹ wo ẹni tó ń ro gàrí nínú agbada láti àárọ̀. Ẹ wo télọ̀ tó ń gé aṣọ, ọmọ tó ń dirun, ẹni tó ń di omi inú ọ̀rá sínú àpò ní fákítìrì, ọmọbìnrin tó ń ka owó ní báńkì, àti èyí tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wọn kò jọra, àmọ́ ohun kan so wọ́n pọ̀: oríkèé kan náà ló ń ṣe wàhálà, kì í sì í sinmi.

Ní ọrùn ọwọ́ wa, ihò tóóró kan wà tí egungun yí ká. Iṣan mẹ́sàn-án tó ń fa ìka ló ń gba inú ihò yẹn kọjá, pẹ̀lú okùn kan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù tí àwọn iṣan yẹn wú, ààyè á há, wọ́n á sì tẹ okùn ìmọ̀lára mọ́lẹ̀. Ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á máa gún ni bí abẹ́rẹ́, pàápàá ní òru. Àtàńpàkò, ìka tó tẹ̀ lé e àti ìka àárín ló sábà máa ń ṣe. Ìka tó kéré jù kì í sábà sí níbẹ̀. Ẹni tó ní in á máa gbọn ọwọ́ lórí ibùsùn kó tó lè sùn, ife á sì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní carpal tunnel syndrome.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé awọ tó bo iṣan ló wú. Ẹ̀gbẹ́ àtàńpàkò ló máa ń dun ẹlòmíràn, débi pé kò ní lè fún aṣọ tàbí kó ṣí ìdérí ìgò. Èyí ni wọ́n ń pè ní tenosynovitis. Gbogbo irú ìpalára báyìí lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní repetitive strain injury, tàbí RSI. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní ọsibítù, kí ẹ lè dá a mọ̀ bí ẹ bá rí i nínú káàdì.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Dókítà kan ní Ítálì, Bernardino Ramazzini, ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1713. Ó ní àwọn akọ̀wé tó ń jókòó kọ̀wé láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọn kò sinmi. Ní ọdún 2010, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tún ìwé àwọn àìsàn tí iṣẹ́ ń fà ṣe, wọ́n sì fi carpal tunnel syndrome àti tenosynovitis sínú rẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe ohun kan náà pẹ̀lú agbára. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ọmọ yẹn, ẹ sọ fún un pé ayé ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

ORÚKỌ TÍ A Ń PÈ É LÓ Ń BA Ẹ̀TỌ́ JẸ́

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà o. Bí ọwọ́ bá ń dun ọmọ, kí la máa ń sọ? A ó ní làkúrègbé ni. Ẹlòmíràn á ní òtútù ló wọ inú egungun. Òmíràn á ní ayé ló ta á lọ́fà. A ó ra ìpara gbígbóná, a ó fi ra á, a ó ra oògùn ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ọmọ á sì padà sídìí maṣíìnì. Oṣù mẹ́fà á kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá wá dé ọsibítù, dókítà á bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, òun náà á ní: "Làkúrègbé ni, sà." Dókítà á kọ ohun tó gbọ́. Ohun tó wà nínú káàdì nìyẹn, òun náà sì ni ọ̀gá máa gbé jáde lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń kú ni iṣẹ́ fà. Oyún lè fà á. Àtọ̀gbẹ lè fà á. Ọwọ́ tó ti ṣẹ́ rí lè fà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà gbọ́ irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe. Kí òṣìṣẹ́ má kàn sọ pé "ọwọ́ ń dùn mí". Kó sọ pé: "Iṣẹ́ gígé aṣọ ni mò ń ṣe, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọdún mẹ́rin rèé. Ọwọ́ tí mo fi ń di sísọ́ọ̀sì ló ń kú. Bí mo bá sinmi ní Sọ́ńdè, ó máa ń dẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ni dókítà máa fi wádìí, bó bá sì rí i pé iṣẹ́ ló fà á, kí òṣìṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé.

ÒFIN WO LÓ WÀ?

Látijọ́, òfin tó wà fún òṣìṣẹ́ tó farapa ni òfin ọdún 1987. Lábẹ́ òfin yẹn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa san owó, òṣìṣẹ́ á sì máa sá tẹ̀ lé e kiri. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act, òfin yìí ló sì rọ́pò ti àtijọ́. Òun la ń lò títí di òní.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ NSITF, kí wọ́n sì máa dá náírà 1 sínú àpò àjọ náà lórí náírà 100 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń san fún òṣìṣẹ́ lóṣù. Ọ̀gá ló ń san án. Òfin kọ̀ ọ́ pé kí ó yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá farapa tàbí tó kó àìsàn látàrí iṣẹ́, inú àpò yẹn ni wọ́n ti máa san owó fún un. Kò ní láti fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Ohun tó ní láti fi hàn ni pé iṣẹ́ ló fà á.

Ẹ fi ọkàn sí èyí pẹ̀lú: òfin ní bí ọ̀gá bá mú òṣìṣẹ́ buwọ́ lu ìwé pé "mi ò ní béèrè owó kankan bí mo bá farapa", ìwé lásán nìyẹn. Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

TA NI ÒFIN PÈ NÍ ÒṢÌṢẸ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ti àwọn oníléeṣẹ́ ńlá nìkan ni. Rárá o. Òfin ní ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìwé ni wọ́n fi gbà á tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́, ẹni tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀, àti ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹni tó gbà á wà níbẹ̀. Òfin náà sì dárúkọ iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ìjọba tàbí kọ́ńpìnnì ńlá, irú iṣẹ́ inú ọjà bíi tiwa.

Ẹ rí i, ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kàn wá. Ọmọ wa tó ń di omi inú ọ̀rá ní fákítìrì ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́. Ọmọ ẹlòmíràn tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tiwa náà ní ẹ̀tọ́. A kò lè máa bá ọ̀gá ọmọ wa jà, kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá ọjà ara rẹ̀ tà, tí kò ní ọ̀gá, òfin yìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, nítorí pé agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà. Irú wa bẹ́ẹ̀, ìsinmi ọwọ́ àti àjọ ìrànwọ́ inú ẹgbẹ́ la ní.

ÌGBÉSẸ̀ TÍ ÒṢÌṢẸ́ MÁA GBÉ

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Kó lọ rí dókítà, kó sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, bí mo ṣe wí lókè. Kó tọ́jú káàdì, ìwé oògùn àti ìwé owó tó san.

2. Kó sọ fún ọ̀gá tàbí máníjà láàárín ọjọ́ 14. Òfin ní láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, tàbí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ gbọ́ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Àìsàn tó ń wá díẹ̀díẹ̀ kì í ní ọjọ́ kan pàtó, nítorí náà ọjọ́ tí dókítà bá ti sọ fún un ni kó dì mú, kó má sì jẹ́ kí ọjọ́ 14 yẹn kọjá. Bó bá kọjá, àjọ náà lè dá a padà. Wọ́n ṣì lè gbọ́ tirẹ̀ bí ó bá hàn pé ọ̀gá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí pé ìdádúró náà kò pa ọ̀gá lára. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́?

3. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kó mú ẹ̀dà kan pamọ́. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ, tàbí kó wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìwé náà kò ní láti gùn. Báyìí ló lè rí:

"Sí ọ̀gá mi. Èmi Lágbájá, tí mò ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù yín láti ọdún 2021, fẹ́ fi tó yín létí pé ọwọ́ ọ̀tún mi ń dùn mí, ìka mẹ́ta sì ń kú ní òru, láti oṣù Kẹta. Gígé aṣọ ni mò ń ṣe ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, dókítà sọ fún mi pé iṣẹ́ náà ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tó NSITF létí. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà."

Orúkọ, ibi iṣẹ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe é àti ohun tó fà á: márààrún ti wà níbẹ̀.

4. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Bí ọ̀gá bá kọ̀, tàbí tí kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ rí, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ mú ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó bá sún mọ́ ọn. Ẹ̀bi ọ̀gá ni àìforúkọsílẹ̀, òfin sì ní ìjìyà fún un.

5. Kó gba fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó, kó buwọ́ lù ú, kó sì dá a padà kí ọdún kan tó pé. Lẹ́yìn ọdún kan, àfi bí ó bá ní ìdí pàtàkì kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Bí àjọ náà bá dá ẹjọ́ tí kò tẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, kó kọ́kọ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court wà. Ó wà ní Èkó, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Àkúrẹ́. Ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó tí kò lówó lọ́yà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń jẹ́ Office of the Public Defender ń gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́, Citizens' Mediation Centre sì ń báni parí ìjà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

KÍ NI WỌ́N MÁA ṢE FÚN UN?

Àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú: owó ọsibítù, oògùn, iṣẹ́ abẹ bí ó bá gba bẹ́ẹ̀. Ìkejì ni owó ìrànwọ́. Bí ìpalára náà bá le débi pé èèyàn kò lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́ títí láé, òfin ní kí wọ́n máa san náírà 90 fún un nínú náírà 100 kọ̀ọ̀kan tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ká ní ₦70,000 ni owó oṣù rẹ̀, ₦63,000 nìyẹn lóṣù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpalára ọwọ́ irú èyí kì í dé bẹ́ẹ̀. Apá kan agbára ọwọ́ ló máa ń lọ, wọ́n á sì wọn bó ṣe dín òṣìṣẹ́ kù, ìyẹn ni wọ́n á fi ṣírò owó. Ìkẹta ni pé àjọ náà lè ran ẹni tí kò lè padà sídìí iṣẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Èyí ṣe pàtàkì fún ọ̀dọ́. Ọmọ ọdún 25 tí kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́ ṣì ní ogójì ọdún láti jẹun.

ÀWA TÍ A GBA ÈÈYÀN SÍṢẸ́ ŃKỌ́?

Ẹlòmíràn á ní, "Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ kó wa sí gbèsè ni?" Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyá tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, tó ń san ₦70,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦350,000 ló ń san lóṣù. Owó tó máa dá fún NSITF jẹ́ ₦3,500. Ẹ wá fi wé owó iṣẹ́ abẹ ọwọ́ kan ṣoṣo, tàbí owó lọ́yà, kí ẹ tó ní ó wọ́n.

Èyí tó tún dín owó kù ni pé ká má jẹ́ kí ọwọ́ náà bàjẹ́ rárá. Kò gba agbára. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ na ọwọ́ kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wákàtí kan sí òmíràn. Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́: ẹni tó gé aṣọ láàárọ̀, kó lọ aṣọ lọ́sàn-án. Ẹ pọ́n sísọ́ọ̀sì àti ọ̀bẹ, nítorí ọ̀bẹ tó kú ló ń fi ipá gba agbára lọ́wọ́ ẹni. Ẹ gbé tábìlì sókè kí ọrùn ọwọ́ má baà tẹ̀ jù. Bí ọmọ bá ní "Mádáàmù, ọwọ́ ń dùn mí", ẹ má ní ọ̀lẹ ni. Ẹ ní kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá tètè mú un, ìsinmi àti ohun tí wọ́n fi ń de ọrùn ọwọ́ lóru lè tó o. Bí wọ́n bá fi jáfara, ó lè di iṣẹ́ abẹ, iṣan ìdí àtàńpàkò sì lè gbẹ.

ÀWỌN ỌMỌ WA TÓ WÀ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ nílùú Ọba tó ń nu ilé, tó ń di ẹrù ní wiahọ́ọ̀sì tàbí tó ń gbé arúgbó. Tiwọn yàtọ̀ síyẹn. Ìjọba ibẹ̀ ní owó kan tó ń jẹ́ Industrial Injuries Disablement Benefit. Tenosynovitis wà nínú àìsàn tí wọ́n kà mọ́ ọn. Carpal tunnel syndrome náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó lo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tẹ ọrùn ọwọ́ síwá sẹ́yìn fún ó kéré tán wákàtí 20 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ pe ọ̀gá lẹ́jọ́ nítorí àìbìkítà, ọdún 3 ló ní láti ọjọ́ tó ti mọ̀ pé iṣẹ́ ló pa òun lára. Bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bá wa sọ fún wọn. Ìtìjú máa ń jẹ́ kí wọ́n dákẹ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ tó bá gba ọwọ́ lọ́wọ́ ẹni, ìṣẹ́ ló máa fi rọ́pò rẹ̀. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ ka ìwé yìí sétí àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, kí ẹ sì gé ibi tí ìwé sí ọ̀gá wà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun kọ tirẹ̀, kó mú káàdì ọsibítù rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ wa rọ o. Àmín.